Ẹ Bi Wá: Ìwé Ilẹ̀ Ẹbí

Ìbéèrè: Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan n'Íbàdàn. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n máa kọ ìwé títa ilẹ̀ ẹbí kí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni kí n ṣọ́?

Ìdáhùn: Ẹ tẹ́ ìwé sọ́fè sílẹ̀ ná. Ẹ da nọ́ńbà òpó igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣì kọ, ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ tà lórí ìwé. Ẹ má sì kọ "pulọ́ọ̀tì kan" lásán o. Ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú àti 100 lóròó jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 464, 60 níbùú àti 120 lóròó sì súnmọ́ 669, bẹ́ẹ̀ pulọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Ìbuwọ́lùwé ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfúútùfẹ́ẹ̀tẹ̀ ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá dá tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró, àmọ́ kóòtù lè wọ́gi lé e bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, fọwọ́ sí i.

Bí bàbá kan ò bá mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibi tó tẹ̀ka sí pé wọ́n ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ má gbowó lọ́wọ́ oníbàárà fúnra yín. Lọ́yà nìkan ni òfin gbà láyè láti gbowó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.