Ẹ má rẹ ère ike sínú ásítónì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ogun orí tábìlì ni, èyí tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ta. Mo to ère ike mẹ́wàá pọ̀, mo sì fi ọ̀dà acrylic kùn wọ́n tààrà láti inú ìgò. Ọ̀dà náà ki jù, ó ti bo ojú wọn, ìka ọwọ́ wọn àti gbogbo iṣẹ́ ọnà ara ìhámọ́ra wọn. Ẹnìkan ní kí n rẹ wọ́n mọ́jú sínú ásítónì tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ẹlòmíràn ní tínà àwọn tó ń kun mọ́tò ló lágbára jù. Èwo ni kí n rà nínú méjèèjì? A ní eré lọ́jọ́ Sátidé.

ÌDÁHÙN: Ẹ má ra ìkankan. Bí ẹ bá sì ti rẹ wọ́n sínú rẹ̀ kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kó wọn jáde, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn wọ́n, kí ẹ sì gbé wọn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n títí ike náà yóò fi le padà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, òun náà lẹ ní.

Owó kíkun ère ogun fún àwọn ẹlòmíràn ni mo fi ń jẹun, kò sì sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí léraléra tó èyí. Ẹ ń bi mí èwo ló lágbára jù. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ba ère jẹ́, nítorí ó gbà pé ọ̀dà ni ọ̀tá, pé bí oògùn bá ṣe le tó ni ọ̀dà yóò ṣe yára sá tó. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ṣe ère náà. Oògùn tí ẹ fẹ́ lò kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ọ̀dà àti ara ọmọ ogun yín.

Polystyrene, irú ike kan, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ère ike tó máa ń wà lára férémù, tí ẹ̀ ń fi ẹ̀mú gé kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí gúlù ike tí ẹ fi to wọ́n pọ̀. Gúlù yẹn kì í lẹ nǹkan mọ́ra bí àtè. Ṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé, ike apá á wọnú ike èjìká, nígbà tí èròjà olómi inú gúlù bá sì gbẹ, wọ́n ti di ẹyọ kan. Kí ló wá ń yọ́ ike náà? Nínú ọ̀pọ̀ irú gúlù bẹ́ẹ̀, butyl acetate ni, tàbí ásítónì fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ń fi ẹnu búrọ́ṣì tín-ín-rín tọ́ díẹ̀díẹ̀ sí èjìká kan ni wọ́n ní kí ẹ ri odindi ọmọ ogun bọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ mú ègé férémù tí ẹ fẹ́ dànù, kì í ṣe ère o. Ẹ lọ sí ìta, jìnnà sí iná, kí ẹ fi í sínú ásítónì díẹ̀ nínú ìgò gíláàsì. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa fà. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n máa ń gé pàǹtí férémù sínú gúlù ike, wọn á jẹ́ kí ó yọ́, wọn á sì fi dí àlàfo ibi tí ìsopọ̀ ère kò ti bára mu. Sprue goo ni wọ́n ń pè é. Ojú, imú àti ìka ni yóò kọ́kọ́ lọ lára ère yín, nítorí ibẹ̀ ni ike ti fẹ́lẹ́ jù. Lára ère tó ga tó mílímítà 28, ojú kan kò tó mílímítà kan ní fífẹ̀. Ọ̀dà tó bò ó ṣì ṣeé yọ. Ojú tó ti yọ́ kò ṣeé mọ padà.

Ìgò kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ásítónì nínú. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Ethyl acetate ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, òun náà sì ń jẹ polystyrene. Tínà àwọn akunmọ́tò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àdàlù ni, toluene sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, èyí tí kò dára fún ike, tí kò sì dára fún orí ẹni tó bá ń fa èéfín rẹ̀ símú nínú yàrá. Epo bẹntiróòlù ńkọ́? Iná lẹ̀ ń wá. Òróró bíréèkì ń yọ ọ̀dà lóòótọ́, àmọ́ májèlé ni, kò sì sí ìdí kan tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ri ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí ohun tó sàn jù wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásítónì tàbí ọtí kẹ́míkà láti fún un lágbára sí i. Chloroform, tó jẹ́ májèlé, lè jáde nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn yìí ní gbangba, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn ṣá, ìmọ̀ràn ásítónì ní orírun. Nígbà tí Warhammer, ọ̀kan nínú eré ogun orí tábìlì tó lókìkí, jáde ní 1983, irin ni ọ̀pọ̀ ère ogun, èyí tí wọ́n yọ́ òjé mọ́ tánganran ṣe. Ásítónì kì í ṣe irin ní nǹkan kan. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ nígbà náà rẹ ère rẹ̀ mọ́jú, ó bá a ní mímọ́ tónítóní, ó sì sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ike gba orí tábìlì. Ní 2011, Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ni Warhammer, tún kó ọ̀pọ̀ nínú ère irin tirẹ̀ lọ sí resin, ìyẹn oje kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú àwòṣe títí yóò fi le. Ère yí padà, ìmọ̀ràn dúró síbi tó wà. Bí ẹ bá sì bá àwọn ère irin àtijọ́ pàdé, òjé lè wà nínú wọn, nítorí náà ẹ má ha wọ́n ní gbígbẹ, ẹ má jẹun nídìí wọn, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ohun tí èmi ń lò fún ike ni isopropyl alcohol, ọtí kẹ́míkà kan, èyí tó jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń tú ọ̀dà acrylic, kì í sì í yọ́ polystyrene. Ẹ dà á sínú ìgò gíláàsì onídèérí, ẹ kó ère sí i, ẹ dé e. Ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ọ̀dà bá ti ń hó kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ tó ti gbó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Bí kò bá tíì hó, ẹ dá a padà, ó lè di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọwo àti omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Apá tí ẹ fi gúlù ike lẹ̀ kò ní tú, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fi super glue lẹ̀ lè já. Ẹ kò sọ bóyá ẹ fi ọ̀dà àkọ́kùn, ìyẹn èyí tí ń jẹ́ kí ọ̀dà di ike mú, sí wọn lára. Ó dà bíi pé ẹ kò fi sí i, àìfisí yẹn ló máa gbà yín lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ọ̀dà náà yóò tètè bọ́. Ẹni tó bá fi í sí i lè rí i pé àkọ́kùn kò fẹ́ jáde tán. Kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣáà ti bo iṣẹ́ ọnà ara ère.

Bó bá jẹ́ resin ni, ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú. Irú resin kan máa ń rọ̀ bó bá pẹ́ nínú ọtí yìí. Ẹ kọ́kọ́ fi ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dán an wò. Àti ike ni o, àti resin ni o, ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, ẹ má kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sí níbi tí ẹ ti ra ère yín, mi ò sì lè fi ojú inú mọ ohun tí ilé iṣẹ́ náà pò mọ́ ọn.

Iná lè mú ọtí yìí ní kíákíá o. Láti nǹkan bí ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni iná ti lè ràn mọ́ èéfín rẹ̀, yàrá yín sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan àbẹ́là tàbí sìgá nítòsí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, ẹ sì fi nǹkan bo ojú nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, torí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín máa ń ta omi sójú ẹni. Ẹni tí mímí ń nira fún, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ Sátidé, ẹ gbé wọn lọ bí wọ́n ṣe wà. Láti 2020 ni òfin Warhammer 40,000, ọ̀kan nínú àwọn eré Warhammer, ti ń fún ẹni tó bá kun gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Battle Ready ní máàkì 10, kò sì sẹ́ni tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe ki tó. Àwọn tí ẹ jọ ń ta lè ní òfin tiwọn, ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá fi ère yín rẹ́rìn-ín, ẹ ní kó gbé ère àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kùn wá.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kun wọ́n, ẹ má mú ọ̀dà láti inú ìgò lọ sára ère. Ẹ bu díẹ̀ sórí àwo, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó títí yóò fi ṣàn bíi wàrà, ẹ kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ tún kùn ún. Àkọ́kọ́ yóò dà bí ohun tí kò dára rárá, ike yóò máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Omi ni ẹ lè fi là á nígbà tó ṣì tutù. Bí acrylic bá ti gbẹ, omi kò ràn án mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń bá ọtí sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Ọtí tí ẹ bá lò tán, ẹ má dà á sí kòtò ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀dà sílẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò, ẹ rọra da èyí tó mọ́ lókè padà sínú ìgò mìíràn, ó ṣì wúlò fún ère mìíràn. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó, nítorí bó bá ti sílẹ̀ tán, ojú kò lè fi í yàtọ̀ sí omi mímu.