Kí ẹ̀gbọ́n yín má ṣe ara rẹ̀ ní áńgẹ́lì nínú MMPI-2

Arábìnrin wa, ẹ béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n yín lè fi gbólóhùn tí kò bá yé e sílẹ̀ láìdáhùn nígbà tí wọ́n bá gbé ìdánwò MMPI-2, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí fi ń yẹ ìwà àti ọpọlọ èèyàn wò, síwájú rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Èmi náà jókòó ti ìwé yẹn rí ní Texas, ohun tí ojú mi rí kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Gbólóhùn 567 ni ó wà níbẹ̀, òótọ́ tàbí irọ́ ni èèyàn yóò sì mú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé olùṣọ́àgùntàn ni wọ́n ti tọ́ mi ní Ìbàdàn, wọ́n sì kọ́ mi pé ọmọlúàbí kì í tú ìdí ara rẹ̀ síta lójú àlejò. Nítorí náà, níbi tí ìwé bá ti mẹ́nu kan àléébù kékeré tí kò sí ẹlẹ́ran ara tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí inú bíbí, mo sẹ́ ẹ, mo sì fi pẹ́ńsùlù kun àyè náà títí ó fi dúdú bí kóró iṣin. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé gbólóhùn 15 wà káàkiri inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní L, tí wọ́n fi ń mú ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni mímọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹlẹ́tàn ni mí, ọdún kan gbáko ni mo sì lò sí i. Ohun tó dùn mí jù ni pé onímọ̀ ìhùwàsí tó kọ ọ́ kò béèrè bí wọ́n ṣe tọ́ mi, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sìn tọ́ lọ́nà tó le lè ga nínú L láìní ẹ̀tàn nínú.

Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì tìtorí ìyẹn ṣe bí alárùn ọpọlọ, nítorí òṣùwọ̀n mìíràn wà nínú ìwé náà tí wọ́n ń pè ní F, tí wọ́n fi ń mú ẹni tó bá ń díbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tí a jọ wà ní yàrá kan díbọ́n pé òun kì í rántí nǹkan, wọ́n sì fún un ní TOMM, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń gbàgbé, níbi tí wọ́n ti ń fi àwòrán 50 han èèyàn, tí wọ́n á wá gbé méjì méjì síwájú rẹ̀ pé kí ó mú èyí tó ti rí. Ẹni tó di ojú mú un yóò gba nǹkan bí 25. Tirẹ̀ kò tó 15, ó hàn pé ó mọ èyí tó tọ́, ó sì ń yẹra fún un.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, tí èyí tó fi sílẹ̀ bá ti pé 30, gbogbo ìdánwò náà bàjẹ́ nìyẹn. Kí ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé e lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ wọn, kí ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn ṣáájú pé Yorùbá ni èdè tí òun kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.