Ẹ yọ orúkọ àwọn ọmọ kúrò kí ewì tó dé ọwọ́ adájọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣètò ìdíje ewì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba àdúgbò yín. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe pín wọn ní ọjọ́ orí sí ọjọ́ orí, àti iye adájọ́ tó yẹ. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ojú mi sì rí màbo.

Ti ọjọ́ orí kò le. Ọmọ ọdún 8 kò gbọdọ̀ bá ọmọ ọdún 16 du ipò kan náà. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ kéde gbèdéke, ẹ gba ewì, ó parí. Ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ gan-an ni wàhálà wà.

Ìgbìmọ̀ tiwa ní àfi kí á mú ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá, kí ìdíje náà lè níyì. Wọ́n tún ní kí orúkọ ọmọ àti ti òbí wà lókè ìwé. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kọ́kọ́ ń kà náà nìyẹn. Tó bá rí orúkọ tó mọ̀, á rẹ́rìn-ín, á fún un ní máàkì. Ọmọbìnrin kan kọ ewì nípa bàtà bàbá rẹ̀ tó ti kú. Kò dárúkọ ikú níbì kankan. Ó kàn ní òun máa ń nu eruku bàtà náà ní àárọ̀ Sátidé, pé òun kò tíì tú okùn ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, bí bàbá ṣe so ó ló ṣì wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fi bírò pupa fà á kọjá, ó ní àgbàlagbà ló bá a kọ ọ́. Kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kankan. Mo ní ká pè é kó wá ṣàlàyé. Ìgbìmọ̀ ní a kì í bá adájọ́ jiyàn. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ló gbégbá orókè, pẹ̀lú ewì tó kún fún "ẹ jẹ́ ká ní ìṣọ̀kan". Ọmọbìnrin yẹn kò tún mú ewì wá mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi sórí ewì. Kí ẹnì kan tí kì í ṣe adájọ́ mú ìwé orúkọ pamọ́. Adájọ́ mẹ́ta tó, kí oníkálukú fún àwọn ewì ní máàkì nílé kí wọ́n tó jókòó pọ̀. Ẹni tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sàn ju olóyè ìwé lọ. Bí ẹ bá sì fura pé àgbàlagbà tàbí ẹ̀rọ ló kọ ewì kan, ẹ ní kí ọmọ náà sọ bó ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ẹ̀rọ tó ní àwọn mọ ewì tí ẹ̀rọ kọ, wọ́n máa ń ṣì í.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba o. Wọ́n á fún yín ní gbọ̀ngàn, wọ́n á gba gbogbo àkókò fún ọ̀rọ̀ ìkíni, àwọn ọmọ á ti sùn kí wọ́n tó ka ewì wọn. Wọ́n á tún sáré lé yín pé ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, ọjọ́ tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, yà sọ́tọ̀ fún ewì lọ́dún 1999. Bí ẹ kò bá tíì ka ewì tán, ẹ sún un síwájú.

Tí fọ́ọ̀mù bá ní ìdíje ló ni ewì, ẹ fa gbólóhùn yẹn ya. Lábẹ́ Àdéhùn Berne, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, kò nílò ìforúkọsílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ òbí kẹ́ ẹ tó gbé e sórí Facebook, ẹ má sì fi orúkọ ilé ìwé ọmọ síbẹ̀.

Ẹ má fi ipò mọ sórí ẹni mẹ́ta. Ìdíje Foyle Young Poets ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ ọdún 11 sí 17, ọmọ 100 ni wọ́n ń dá lọ́lá lọ́dún kan. Kí adájọ́ sì kọ̀wé sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó tọ́ka sí ìlà tó wù ú jù nínú ewì rẹ̀. Ẹ bá a ṣàdéhùn èyí kó tó gba iṣẹ́.