Róòsì tí ewé rẹ̀ ń rẹ̀ dànù: ẹ wo irú èyí tẹ́ ẹ gbìn kẹ́ ẹ tó wá oògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tẹ́ ẹ béèrè ni pé róòsì pupa tẹ́ ẹ rà torí òórùn rẹ̀ ti ń yọ àmì dúdú lára ewé, ewé náà ń pọ́n, ó sì ń rẹ̀ dànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ wá fẹ́ mọ oògùn tẹ́ ẹ máa fín sí i. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá róòsì yí, mo ti gbé agolo oògùn kọ́ èjìká títí ó fi sú mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: irú róòsì téèyàn mú àti ibi tó gbìn ín sí ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Oògùn ò lè sọ èyí tí ara rẹ̀ ò le di alágbára.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé àrùn tí wọ́n ń pè ní black spot, ìyẹn àmì dúdú, gan-an ni. Ẹ já ewé kan, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tí etí àmì dúdú yẹn ò bá gún, tó ṣe wúruwùru bí òwú tó tú, tí àwọ̀ ìyeyè sì ń ràn yí i ká, black spot nìyẹn. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú funfun ló bo ewé tuntun, àrùn mìíràn ni. Omi ni black spot ń wá. Bí ewé bá tutù fún nǹkan bíi wákàtí 7 láìgbẹ, ó ti ráyè wọlé nìyẹn. Ẹni tó bá ń bomi rin róòsì rẹ̀ lálẹ́, tó ń dà á lé e lórí láti òkè, ń bá àrùn ṣiṣẹ́ ni. Ìdí igi ni kí ẹ máa da omi sí, láàárọ̀, kí ilẹ̀ rin gbindingbindin kó lè dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn ju wíwọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ.

Ní ti oògùn fífín, kì í wo ewé tó ti ṣàìsàn sàn. Ewé tí àrùn ò tíì dé ló ń dáàbò bò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ sára agolo pé kí ẹ tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14. Bí òjò bá ń rọ̀ léraléra, ẹ ò ní sinmi. Gbígbá ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́ ló ń ṣe mí láǹfààní jù. Ẹ ṣa gbogbo ewé tó ti já sílẹ̀, ẹ já àwọn tó lámì kúrò lórí igi bí wọn ò bá pọ̀ jù, ẹ má sì kó wọn sínú ajílẹ̀, torí ara wọn ni àrùn ti ń dúró de òjò tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yíyàn wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àwòrán òdòdó la fi ń rà á, bẹ́ẹ̀ ewé la máa bá gbé. Àwọn róòsì tí òdòdó wọn tóbi, tó ń dá dúró lórí ọ̀pá gígùn, tí wọ́n ń pè ní hybrid tea, La France tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1867 ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹwà òdòdó ni àwọn tó ń ṣe róòsì tuntun ń lépa, ewé ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n lógún. Ẹ wo róòsì Peace tí Francis Meilland ará Faransé ṣe, tó gba orúkọ yẹn ní 1945, tó sì di ìlúmọ̀ọ́ká káàkiri ayé: òdòdó ńlá, àwọ̀ ìyeyè tí etí rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, síbẹ̀ black spot kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. Róòsì Zéphirine Drouhin ti 1868 ńkọ́? Kò lẹ́gùn-ún, ó ń gun ògiri, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọgbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú, àmọ́ mi ò jẹ́ ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbìn ín síbi tí atẹ́gùn ò ti fẹ́.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Ní Jámánì, ìdánwò kan wà tó ń jẹ́ ADR. Wọ́n á gbin róòsì tuntun sí oríṣiríṣi ọgbà fún ọdún 3, wọn ò ní fín oògùn kankan sí i, èyí tó bá yege nìkan ni wọ́n ń fún ní àmì. Tẹ́ ẹ bá rí àmì yẹn, ẹ gbà á gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á lọ. Róòsì Knock Out náà wà, tí William Radler ṣe ní Amẹ́ríkà, tó dọ́jà ní 2000. Ewé rẹ̀ á mọ́ nígbà tí ti àwọn tó yí i ká bá ti ṣófo, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ lóòórùn, kò sì ní tẹ́ ẹni tó ra róòsì torí òórùn lọ́rùn. Irú yín ni mo máa ń júwe irú róòsì tí wọ́n ń pè ní rugosa fún: ewé rẹ̀ nípọn, ó hunjọ, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, àrùn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀ o. Ẹ má sì fín oògùn sí i rárá, ó máa ń jó ewé rẹ̀. Kò fẹ́ ooru tó le jù. Níbi tí ooru ti pọ̀, tí òtútù kì í mú wọnú egungun, àwọn róòsì China àtijọ́ ló ń ṣe dáadáa. Mutabilis wà lára wọn: òdòdó rẹ̀ á là ní àwọ̀ ìyeyè, á di pinki, á wá pọ́n dòdò kó tó já, ẹ ó sì bá gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí lórí igi kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo máa ń dúró wò ó títí.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ gbójú kúrò lára òdòdó. Ẹ wo ewé ìsàlẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ewé, ẹ wò ó bóyá ó ní ẹ̀ka tó le tó mẹ́ta. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ lọ wo irú rẹ̀ nínú ọgbà ẹni tó ti gbìn ín, kó sì jẹ́ lásìkò òjò.

Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá orí gbòǹgbò ara rẹ̀ ló wà, àbí wọ́n lọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn. Róòsì funfun kan nínú ọgbà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó pupa wẹ́wẹ́, àwọn kan sì ní ilẹ̀ ló pa á láwọ̀ dà. Ilẹ̀ kọ́. Gbòǹgbò tí wọ́n lọ́ ọ mọ́ ló yọ ẹ̀ka tiẹ̀ láti abẹ́ kókó ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, bí èèyàn bá sì fi í sílẹ̀, á borí èyí tó rà. Ẹ wa erùpẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi rí orísun ẹ̀ka náà, kí ẹ wá fà á ya kúrò. Tẹ́ ẹ bá gé e, á tún hù. Àwọn kan ní kíka ewé wẹ́wẹ́ tó wà lórí ọ̀pá ewé kan la fi ń dá a mọ̀, pé tó bá jẹ́ 7, ti gbòǹgbò ni. Ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn, ọ̀pọ̀ róòsì gidi ló ń ní 7.

Ní ti èyí tó wà nílẹ̀ yín, ẹ má tíì hú u. Ṣé oòrùn ń dé ibẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, pàápàá oòrùn àárọ̀ tó ń tètè gbẹ ìrì? Ṣé omi kì í dúró síbẹ̀ mọ́júmọ́ lẹ́yìn òjò? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí i nípò nígbà tí ooru bá rọlẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo igi bo ìdí rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kí òjò má máa ta erùpẹ̀ sára ewé, ẹ má jẹ́ kó kan igi. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka tó há mọ́ra láàárín kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Bó bá tún ṣófo lásìkò òjò tó ń bọ̀, ẹ hú u láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ má gbin òmíràn sínú ihò kan náà, róòsì tuntun kì í sábà ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ tí róòsì mìíràn ti pẹ́ sí. Ẹ wa erùpẹ̀ ibẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45, kó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ti ibòmíràn dípò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè ya àwòrán ìdí igi náà fún mi, mo lè bá yín wò ó bóyá èyí tí wọ́n lọ́ ni.