"Charge": owó ni àbí ẹ̀sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n fi ìwé kan lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ní kóòtù, "charge sheet" ló wà lórí rẹ̀. Mo sọ fún màmá wa pé ìwé owó ni, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó kiri. Lóyà ní kì í ṣe owó rárá. Kí wá ni "charge" gan-an? Ṣé mo lè fi "accuse" tàbí "price" rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ tètè dá màmá dúró ná! Ìwé ẹ̀sùn ni: ohun tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yín ṣe àti òfin tí wọ́n ní ó rú ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣìnà níbẹ̀. Èmi tí mò ń jẹun nídìí iṣẹ́ ògbufọ̀, mo ṣì máa ń wo ọ̀tún wo òsì kí n tó tú u. Inú Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, kí á di ẹrù ru nǹkan ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ fi ẹrù yẹn sọ́kàn. Ẹ̀sùn, ẹrù ni. Owó tí báńkì ń yọ, ẹrù ni. Nọ́ọ̀sì tó wà "in charge", ọrùn rẹ̀ ni ẹrù wọ́ọ̀dù wà. Ẹ̀tù tí ọdẹ rọ sínú ìbọn àti iná tí ẹ ń ṣáàjì sínú fóònù, "charge" náà ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e ló ń tú àṣírí rẹ̀. "Charged with stealing": wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án. "Charged for water": wọ́n gba owó omi lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè wà "in charge of the baby", ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ "the baby is in charge of the nurse", ọmọ ọwọ́ ti di ọ̀gá nìyẹn o. "In the charge of" ni kí ẹ kọ.

"Accuse" sún mọ́ ọn, àmọ́ kò lágbára tó o. Aládùúgbò lè "accuse" yín pé ẹ jí adìẹ òun; ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò ìjọba ló ń "charge" yín dé kóòtù. "Accused of" sì ni, kì í ṣe "with". "Price" ní tirẹ̀, ti ọjà ni: tòmátò ní "price", onígbàjámọ̀ ló ń "charge". "Fare" ni owó ọkọ̀, "fee" ni owó lóyà.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, ẹ tẹ́tí sí "discharge", ìyẹn ni pé wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀. "Discharged and acquitted", ìyẹn ni pé wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì dá a láre, ni kí ẹ máa gbàdúrà fún. Tó bá jẹ́ "discharged" nìkan, wọ́n ṣì lè fi ẹ̀sùn kan náà gbé e padà wá. Ẹ bi lóyà léèrè èwo gan-an ni adájọ́ sọ, kí màmá tó gbé ìkòkò ìrẹsì ìdúpẹ́ kaná.