Ta ló gbé ère Robert Burns sí Central Park ní New York?

Ẹnì kan béèrè pé ère akéwì tó jókòó sórí kùkùté igi ní Central Park yẹn, ṣé ìjọba Amẹ́ríkà ló sanwó ẹ̀ ni. Rárá o. Àwọn ará Scotland tó ti ń gbé New York ló fi ta ìlú lọ́rẹ, John Steell ará Edinburgh ló bá wọn ṣe é, idẹ ni, 1880 ni wọ́n ṣí i. Burns fúnra ẹ̀, akéwì ará Scotland yẹn, àgbẹ̀ ni o, ọmọ ọdún 37 péré ló kú ní 1796. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, gègé ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbójú sókè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sọnù mọ́ lẹ́nu, ìwé kan tí wọ́n ká wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ewì tó kọ fún Mary Campbell, olólùfẹ́ ẹ̀ tó ti kú, ló wà níbẹ̀ (ibẹ̀ yẹn gan-an ló wù mí jù). Ère Walter Scott, òǹkọ̀wé ará Scotland mìíràn, tí Steell yìí náà ṣe, wà nítòsí ẹ̀. Ìlú Dundee ní Scotland àti London náà ní irú ère Burns yìí kan náà. Àwa ńkọ́? Láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá tí mò ń wọ mọ́tò kọjá, mi ò tíì rí ère akéwì kankan.