Mọ́tò rẹ́ǹtì ní Ìlú Ọba

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní Leeds ní kí n wá kí òun. Mo fẹ́ rẹ́ǹtì mọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù, kí n wà á débẹ̀. Iléṣà sí Ifẹ̀ kò ṣòro fún mi rárá. Kí ni kí n ṣọ́ra fún? – Màmá Bọ́lá, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìmúra. Apá òsì títì ni wọ́n ń wà lọ́hùn-ún, bíi tiwa kó tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe títì márosẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ń jáde nílé epo láàárọ̀, tí títì dá, ọwọ́ á fẹ́ fà yín sọ́tùn-ún. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti là'jú! Ní ráńdábáòtù, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ló lọ̀nà. Ẹ gba ọ̀tọ́mátíìkì.

Lórí M1, ìyẹn títì márosẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Leeds, máìlì 70 ní wákàtí kan lòpin eré. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, tẹ́ ẹ sì ti yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ gba ilẹ̀kùn òsì jáde, ẹ dúró sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ pe fún ìrànlọ́wọ́; tẹ́ ẹ ò bá lè jáde lọ síbi tí kò léwu, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá lè jáde láìléwu, ẹ má jókòó sínú ẹ̀, bí òjò tiẹ̀ ń rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì sọ̀ nínú bàálù, ẹ sùn ná kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.